Ewé Tí Wọ́n Fi Bo Obì Tó Kù

Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn Adéníran lọ́jọ́ tí Ifákẹ́mi kọ́kọ́ rí i. Òjò ń ṣàn lára rẹ̀, ó gbé ìdì ìwé tó fi ṣẹ́ẹ̀tì wé mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí Ifákẹ́mi ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà ní Ìlá.

"Ẹ bo ìwé, ẹ wá fi ara yín tọrẹ fún òjò," ni Ifákẹ́mi wí.

"Ara á gbẹ. Ìwé tó bá rẹ, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Òǹkọ̀wé ni. Ìtàn àròsọ rẹ̀ méjì ti wà lọ́jà, ṣùgbọ́n bírò ló fi ń kọ ọ́, ẹlòmíràn ní í bá a tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe di pé ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, tòun ti orí ìwé kan àti ẹ̀pà sísun. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ẹ̀pà ti ń pọ̀ ju ìwé lọ. Ká má parọ́, Ifákẹ́mi fẹ́ràn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Wọ́n ti dá Sátidé tí Ifákẹ́mi yóò mú un lọ mọ bàbá rẹ̀ ní Ìgbájọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ó ń tẹ orí kọkànlá. Nínú rẹ̀, olè kan fọ́ àká obì, ó jí agbọ̀n mẹ́ta. Kó tó lọ, ó já ewé gbòdògì tútù, ó fi bo obì tó kù kó má baà gbẹ.

Ọwọ́ Ifákẹ́mi dúró. Ará ilé wọn nìkan ló mọ̀ nípa ewé yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n jí obì bàbá rẹ̀, ewé náà ló sì da ilé rú. Bàbá ní olè wo ní í tọ́jú èyí tí kò rí gbé? Ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ ni. Ó lé Fádípẹ̀, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò, jáde. Fádípẹ̀ kó lọ sí Ọ̀tan, kò sì fẹsẹ̀ kan agbo ilé wọn mọ́.

Nígbà tí Adéníran dé nírọ̀lẹ́, Ifákẹ́mi ka ibẹ̀ sí i létí, ó sì sọ ti obì bàbá rẹ̀ àti ti Fádípẹ̀ fún un. "Ta ló sọ èyí fún yín?"

Adéníran gbé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ni olè náà."

Ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lòun nígbà yẹn, obì sì ni ìyá òun ń tà, òun ló máa ń bá a fi ewé bò ó. Ọwọ́ òun ti bo èyí tó kù kí òun tó rò ó. Òun jalè níbòmíràn náà kí òun tó jáwọ́, ọwọ́ ò sì tẹ òun rí. Òun ò mọ ẹni tó ni àká náà, òun ò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn jìyà rẹ̀.

Ifákẹ́mi sunkún. Ìfẹ́ rẹ̀ ò dín, ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. "Mo lè pa orí yìí rẹ́," ló wí. "Bàbá ò ní mọ̀ láé."

"Fádípẹ̀ ńkọ́?"

Ní Sátidé, Adéníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá, ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó fi omi lọ̀ ọ́. Bàbá ò jágbe.

"Obì nìwọ gbé lọ. Èmi ni mo lé àbúrò mi. Dìde, ká lọ sí Ọ̀tan. Ẹnu rẹ̀ ni wàá ti gbọ́ bóyá ọmọ yìí á jẹ́ tìrẹ."

Ní Ọ̀tan, Fádípẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fìlà bẹ̀ ẹ́, ohun tí kò ṣe rí láyé. Fádípẹ̀ dìde, ó wọlé lọ, ó pẹ́ débi pé Ifákẹ́mi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà tó jáde, ó ti wọ bàtà.

Ó bá wọn wọkọ̀ padà sí Ìgbájọ. Àká ló gbà lọ tààrà. Ó ṣí agbọ̀n kan, ó pòṣé.

"Ewé ti gbẹ lórí obì yìí. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

Fádípẹ̀ wá yíjú sí Adéníran.

"Ìwọ, lọ já ewé tútù wá. Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ wa, kó wá bo obì yìí lójú mi."

Adéníran já ewé wá. Bó ṣe ń tò ó sórí obì, Ifákẹ́mi kúnlẹ̀ tì í, ó bá a di agbọ̀n náà mú.