Omi Tí Ó Gbé Àmì Àìsàn Lọ

Ẹ̀rọ ní ara ọmọ dá, ọmọ sì kú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Ní Ìlú-Òfuurufú, tí ó ń yí ayé po lókè, Ojú-Àárín ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí ìtànṣán rẹ̀ wà láàrin ti rédíò àti ti ooru iná. Bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀, àìsàn tó wà níbẹ̀ á fi àmì hàn. Ṣùgbọ́n omi a máa gbé ìtànṣán yẹn mì. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́.

Àwọn agbẹ̀bí ìlú náà kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun gbẹ. Wọ́n ní gbígbẹ ló ń fa ooru, ooru ló ń pa ọmọ. Ìyá Àwẹ̀ró, àgbà wọn, á kán omi tútù sí i, á ṣàdúrà, kó tó gbé e fún Ìbíyẹmí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ìyàwó wo ló máa ní kí ìyá ọkọ òun kó àdúrà rẹ̀ kúrò ńlẹ̀? Ìbíyẹmí kọ́ ẹ̀rọ láti yọ omi kúrò nínú ohun tó bá rí, bí a ṣe ń yọ ìwúwo igbá kúrò kí a tó mọ ìwúwo gààrí. Gbogbo ìlú yìn ín. Gààrí tó lẹ̀ mọ́ igbá ńkọ́?

Wọ́n sin ọmọ tán, Ìyá Àwẹ̀ró wọlé tọ Ìbíyẹmí, kò jókòó.

“Wọ́n ní omi mi ló pa á.”

“Omi yín kọ́, Màmá. Mo mọ̀ pé àmì tó bá tín-ín-rín lè bá omi lọ. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ojú yín ni mò ń wò.”

“Nígbà tí o mú ọmọ mi, ọkọ rẹ, kúrò nílé mi, o ò wojú mi. Orí ọmọ ọlọ́mọ lo ti wá ń wò ó.” Ohùn ìyá náà wálẹ̀. “Ká ní o sọ ni, ṣé mi ò ní kán omi náà sí ẹsẹ̀ ọmọ?”

Ìbíyẹmí kó ìyókù ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ti yẹ̀ wò jáde, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un wò. Àmì yọ lára ti ọmọ obìnrin kan, Àjíún. Oògùn àìsàn náà kì í sì í ran ọmọ tó bá ti ń rìn.

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé Àjíún. Kó tó la ẹnu, Àjíún ti kúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń rìn ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, mà. Látìgbà tí ẹ ti ní ara rẹ̀ dá ni mo ti ń rí oorun sùn.”

Ìbíyẹmí ní kó dìde ná, kó wá jókòó.