Àlàmú Tó Ń Wọ Bàálù Lójoojúmọ́

"Èmi tí o ń wò yìí," ni Àlàmú wí, "bàálù àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó gbé wá sí Ìkẹjà, kò gbéra. Wọ́n tì í, ó kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Èmi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí lẹ́ẹ̀kan péré, fùù! Kò balẹ̀ mọ́ títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Epo tí wọ́n rọ sí i, bó ṣe wà ló ṣe dé ọ̀hún."

Sùlíyá sọ ẹrù búrẹ́dì orí rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Ṣé ẹnu yẹn náà lo fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì?"

"Òun náà ni."

"A jẹ́ pé màá gbé e jìnnà sí ọ. Bí o bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fò lọ."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, lẹ́bàá wáyà tí wọ́n fi yí pápá bàálù ká, ní oṣù kẹta ọdún tí Ọbabìnrin òyìnbó wá kí wa. Sùlíyá ni ọmọ Bàbá Làsísì tó ní ilé búrẹ́dì l'Ágége. Òun ló ń gbé búrẹ́dì wá fún ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́ pápá ní òròòwúrọ̀. Búrẹ́dì bàbá rẹ̀ rọ̀ débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, rírì ló ń rì, àwọn ẹbí rẹ̀ á sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá a. Ní ti ẹwà Sùlíyá, ẹ má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin tó ti Ìbàdàn bọ̀ bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà, kì í fẹ́ kúrò l'Ágége mọ́. Dírẹ́bà á ní èéfín ló kó sí òun lójú.

Láti ọjọ́ náà ni Àlàmú ti ń dúró dè é lẹ́bàá wáyà láràárọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó tín-ín-rín, aṣọ rẹ̀ sì máa ń mọ́ ju ti ẹni tó ń lọ sí Jímọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan á ní òun bá kìnnìún jà ní Kánò, kìnnìún ló bẹ òun. Ní ọjọ́ kejì á ní òjò Ìkẹjà kì í pa òun, àárín ẹ̀kán méjì lòun ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ìtàn tí Sùlíyá fẹ́ràn jù ni ti fáàsì kíláàsì, ibi tí àwọn ọlọ́lá máa ń jókòó sí nínú bàálù.

"Àga ibẹ̀ rọ̀ ju búrẹ́dì bàbá rẹ lọ," ni Àlàmú máa ń wí. "Olóyè kan láti Ìjẹ̀bú jókòó sí i, ló bá rì. Kánò ni wọ́n dé kí wọ́n tó rí fìlà rẹ̀. Bó bá di oṣù keje, tí òjò ń pa wá níbí tí oòrùn sì ń yọ ní ìlú òyìnbó, tí gbogbo wọn ń lọ lo họ́lídè, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. Fáàsì kíláàsì, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Kí ìkùukùu náà lè rí arẹwà wò."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Sùlíyá tètè dé. Ó rí Àlàmú láti ẹ̀yìn wáyà, nínú kàkí tó ti ṣá, garawa lọ́wọ́, ìgbálẹ̀ lábẹ́ abíyá, ó ń gun àtẹ̀gùn bàálù lọ. Òun ló ń gbálẹ̀ inú bàálù, tó ń nu àga, tó sì ń kó ìdọ̀tí àwọn òyìnbó sọ̀kalẹ̀ kí bàálù tó lọ.

Sùlíyá rọra rìn padà síbi igi máńgòrò kan, ó dúró níbẹ̀ títí di àsìkò tó máa ń dé, ó wá yọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára nígbà yẹn, kò sì ṣe é bọ́ mọ́.

Láàárín ìgbà náà, Shuaib olóbì ti ń wá sílé wọn láti fẹ́ ẹ. Shuaib kò burú, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ó ní ilé páànù, ó ní lọ́rì, kò sì sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti Ramadan dé Iléyá. Ewúrẹ́ á wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á jẹ ewé tó fi bo obì tán, á fi ìrù nà án lójú bó bá ń jáde, kí Shuaib tó rántí pé ó yẹ kí òun ní "háìì."

"Ìyá mi, Shuaib kò lè pa mí lẹ́rìn-ín," Sùlíyá sọ fún ìyá rẹ̀, Ràbíátù.

"Ẹ̀rín kì í kún ìkòkò," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Àlàmú dé etí Bàbá Làsísì, ó ní kí wọ́n pè é wá kí òun fojú rí i. Àlàmú dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ lu ilẹ̀ débi pé ìyẹ̀fun gbọ̀n sílẹ̀ láti orí àjà.

"Dìde, ọmọ mi. Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ń wọ bàálù ni, Bàbá."

"Ìgbà wo àti ìgbà wo?"

"Lójoojúmọ́ àfi Jímọ̀. Fáàsì kíláàsì sì ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sí irọ́ níbẹ̀ tó orí abẹ́rẹ́. Wíwọ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Sùlíyá tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé fi eyín há ètè.

Ṣùgbọ́n etí Ràbíátù mú ju abẹ lọ. "O ń wọ̀ ọ́, mo gbọ́. Ṣé o máa ń bá a lọ?"

Ni ikọ́ bá gbé Àlàmú. Ikọ́ náà gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Dòpèmú kó tó padà.

Bàbá Làsísì ní sùúrù. Ó dúró kí ikọ́ tán. "Ọmọ, gbọ́. Igi ni bàbá mi rù wọ Agége. Èmi gan-an, mo gbá ilẹ̀ ilé búrẹ́dì ẹlòmíràn fún ọdún méje kí n tó ní tèmi. Kò sí oníṣẹ́ tí mi ò lè fi ọmọ fún. Òpùrọ́ nìkan ni mi ò lè fún, torí bó bá di ọjọ́ kan tó ní ilé ń jó, ọmọ mi á rò pé eré ni, á sì máa sùn lọ. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, sọ ọ́ báyìí. Mi ò ní bínú."

Sùlíyá yọ ojú síta, ó ń fi ojú bẹ Àlàmú. Àlàmú rí i. Ó la ẹnu.

"Bàbá, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni èmi àti Sùlíyá fẹ́ wọ bàálù lọ lo họ́lídè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bá a wá súwẹ́tà."

Bàbá Làsísì wò ó títí. "Ó dáa. A ó wá sìn yín, Alfa náà á bá wa lọ. Bí mo bá fojú rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì, á so yìgì yín lẹ́sẹ̀ bàálù níbẹ̀. Bí mi ò bá rí i, Shuaib á wá mú ìyàwó rẹ̀ ní Sátidé."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́bàá wáyà, Sùlíyá kò sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àlàmú, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Ìgbálẹ̀. Garawa. Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu Àlàmú pa dé. Àwọn ẹyẹ tó wà lórí wáyà pàápàá wò ó. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Torí mo fẹ́ràn gbogbo ibi tí o máa ń mú mi lọ." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ṣílẹ̀kùn fún ọ, ìwọ lo ò wọlé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, Àlàmú. *Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni mí.* Sọ ọ́, mo di tìrẹ. O ò sọ ọ́, mo di ti Shuaib."

"Màá sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi. Mo búra."

"Má búra. Sọ ọ́ nìkan."

Ọjọ́bọ̀ dé, òjò oṣù keje ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Bàbá Làsísì, Ràbíátù àti Alfa dúró sí ẹ̀bá irin tí àwọn asìnni máa ń dúró sí. Ràbíátù di èlùbọ́, ó di gaàrí, ó di pákò tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù yóò fi fọ eyín fún ogún ọdún. Ó ń bú Àlàmú bó ṣe ń dì í, ṣùgbọ́n ó dì í náà. Àlàmú dé nínú kóòtù tó yá lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta: apá ọ̀tún jẹ́ ti ẹnì kan, ti òsì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kẹta.

"Ẹ dúró díẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ fi àga han Sùlíyá."

Ó mú un gba ẹnu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n wọ fáàsì kíláàsì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, òun náà sì jókòó tì í. Àga náà rọ̀ lóòótọ́. Kò parọ́ níbẹ̀.

"Di ọwọ́ mi mú," ó sọ fún un jẹ́jẹ́. "A ti gbéra. Wo Agége nísàlẹ̀, wo èéfín ilé búrẹ́dì yín. Wo Kánò, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Omi òkun rèé, tó búlúù bí aró."

Sùlíyá wo wíńdò. Bàbá rẹ̀ ló rí, tó dúró sínú òjò, tó fi ọwọ́ bo ojú, tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri.

"Ṣé a ti dé?" ó béèrè.

"A ti dé, ìfẹ́ mi. Oòrùn ń ràn."

Sùlíyá gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ó sì nu ojú rẹ̀ nù. "Ó tó. Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, kí o lọ sọ ọ́ fún bàbá mi."

"Màá sọ ọ́."

"Búlọ́dì fúùlù!" Ohùn kan bú sẹ́nu ọ̀nà. Reuben ni, ọ̀gá àwọn agbálẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń bú èèyàn tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà. Tọkọtaya òyìnbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ló ni àga méjèèjì, họ́lídè tiwọn ni wọ́n ń lọ. "Àlàmú! Àga àwọn oní-nǹkan lo gbé obìnrin lé! Olúwa dárí jì mí. Ìgbálẹ̀ rẹ dà?"

Ó tì wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí irin níbi tí àwọn ẹbí dúró sí. Níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, ó ki ìgbálẹ̀ bọ Àlàmú lọ́wọ́. "O ò tíì gbá ẹ̀yìn!"

Ràbíátù ju ìdì pákò sílẹ̀. Bàbá Làsísì kò ju nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le.

"Àlàmú, ọmọ mi. Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

Sùlíyá mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Bàbá rẹ̀ dì í mú fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbálẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ó kù kí ẹnu sọ ìyókù. Sùlíyá ń fi ètè sọ ọ́ láìsí ohùn kí Àlàmú lè tẹ̀lé e. Alfa ti ń tún láwàní rẹ̀ ṣe.

"Gbá..." ni Àlàmú wí. Òógùn bò ó mọ́ òjò. "Gbá..."

"Ẹ́n-ẹ́n," ni Bàbá Làsísì wí, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. "Gbá kí ni?"

"Gbajúmọ̀ ni mí, Bàbá!"

Ẹ̀rín pa Reuben, ó di irin mú. Bàbá Làsísì kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọwọ́ tó nà padà, ó tẹ́ ẹ.

"Tíkẹ́ẹ̀tì dà?"

Àlàmú wo ọwọ́ náà. Ó wo ìgbálẹ̀. Ó wo Sùlíyá, ojú rẹ̀ sì ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gbá eré mú.

Irú eré bẹ́ẹ̀, òjò pàápàá kò bá a. Kóòtù àyálò náà fẹ́ sọ́tùn-ún, ó fẹ́ sósì, bí apá bàálù, ó ń lọ gbọnrangandan lórí pápá. Eré náà tó èyí tí nǹkan fi ń gbéra. Sùlíyá gbá súwẹ́tà mọ́ àyà, ó ń wò ó, ó ń retí kó gbéra.

Ó dé etí gọ́tà lópin pápá, ó sì fò lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó balẹ̀ sínú igbó ọ̀hún, igbó sì pa dé.