Kíbọ́ọ̀dù Bàbá Ayàwòrán

Gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá ńlá ní ọ́fíìsì kan dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé omi ìfọlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, mo rí i pé ojú wọn dúdú, ìlà funfun kan ló wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lọ, kò bọ̀. Ọmọ mi obìnrin dúró láàárín wọn, ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ sára aṣọ. Mo mọ ọmọ mi. Bó bá ti ń nu ọwọ́ báyẹn, nǹkan ti bàjẹ́.

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yẹn. Àwòrán ilé ni wọ́n ń yà níbẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń wò kọ́lé. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe pé kó gba ọmọ mi síbi iṣẹ́ kíkọ́ nígbà tó jáde ilé ìwé girama, torí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ọ̀gá ní bí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bá yọrí, òun á gbà á síṣẹ́ gidi. Ohun tí a gbójú lé nìyẹn. Kò sí òmíràn.

Bí mo ṣe lóye iṣẹ́ náà nìyí. Wọ́n á tún kọ̀ǹpútà kan ṣe dáadáa, wọ́n á máa pè é ní ìyá. Wọ́n á mú ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á gba ojú wáyà rọ ọ́ sínú àwọn yòókù. Bí ẹ̀dà yẹn bá ti wọlé, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ parẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ní ọ́fíìsì wa, ẹni tí kò bá tíì kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò á dojú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ délẹ̀ kó tó lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dé, ẹ̀yìn ìgbà ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì jáde lọ ra wáyà. Ọmọbìnrin kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń kọ́ṣẹ́, Ayára ni wọ́n ń pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bí ìyàwó tuntun nídìí ẹ̀rọ, pé kí wọ́n rọ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan dojú délẹ̀ nígun, ti Bàbá Ayàwòrán, àgbà ọ́fíìsì náà. Ayára ní bàbá kàn ń gbọn èérún búrẹ́dì kúrò nínú ẹ̀ ni.

"Àbí o fẹ́ kí ọ̀gá bá ẹyọ kan nílẹ̀, kó ní o ò parí iṣẹ́?"

Ọmọ mi yí kíbọ́ọ̀dù náà padà.

Ọ̀gá dé, kò pariwo. Ó pààrọ̀ wáyà, kò sí ìyàtọ̀. Ó rọ ẹ̀dà sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó wá fọwọ́ kan àpótí tó so gbogbo wáyà pọ̀, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó ní wọ́n ti rọ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ó pọ̀ jù fún àpótí náà, ẹ̀dà sì dúró sí àárín ọ̀nà. Ayára ń wo àjà. Ọ̀gá ní òun á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, díẹ̀díẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ mi.

"Kí n tó rọ ọ́, ṣé kò sí kíbọ́ọ̀dù tó dojú délẹ̀?"

Ọmọ mi wò mí. Ó tún ń nu ọwọ́.

"Kò sí, ọ̀gá."

Mo rò pé ẹ̀rù ìbáwí lásán ni.

Gbogbo ẹ̀rọ tàn. Ọ̀gá yin ọmọ mi. Ìgbà tí a ń lọ sílé ni ọmọ mi dúró lójú títì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù náà fún mi. Mo dì í lápá mú, a sáré padà. Ọ̀gá ń ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó jókòó ti ẹ̀rọ bàbá, ó wá iṣẹ́ bàbá nínú rẹ̀ títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ǹ bá yọ ọ́ jáde. Èmi fúnra mi ni mo wá rọ ẹ̀dà bò ó tán."

Ẹ̀rọ kékeré tí bàbá ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí ti bàjẹ́, ó ń retí òmíràn, ìdí tó fi dojú kíbọ́ọ̀dù dé nìyẹn. Gbogbo àwòrán tó ti ń yà láti ọdún pípẹ́ parẹ́. Ọ́fíìsì ní kí bàbá máa lọ sinmi nílé. Ọ̀gá lé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, ọ́fíìsì náà ò sì pe ọ̀gá mọ́. Èmi ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ lé èmi náà ni.

Mo mú ọmọ mi lọ bẹ Bàbá Ayàwòrán nílé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún. Bàbá ò bú u.

"Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ọmọ mi, ǹ bá bínú sí ẹ, ìbínú náà ì bá sì ti tán."

Ó wọlé lọ. Kò tún jáde sí wa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, àṣìṣe ọmọ mi ṣì ṣeé tún ṣe. Irọ́ tó fi bò ó ni ò ṣeé tún ṣe. Bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ tètè sọ, kódà bí ara yín ń gbọ̀n. Ẹni tó ń bá yín tún un ṣe ò lè mọ ibi tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn, bí ẹ ò bá sọ fún un.