Ohun Tí Ernest Kò Bi Abibat

Ó ti rẹ Ernest kí oòrùn tó kan àtàrí. Láti àárọ̀ ni àwọn aláìsàn ti ń wọ́ wá sí ilé oògùn ìjọ ní Òkè-Àgbò: ibà, egbò, inú rírun. Lọ́dún 1896 yẹn, òun nìkan tí wọ́n rán wá láti Èkó ló ń po oògùn níbẹ̀.

Bó ṣe gbójú sókè, Ìbíkẹ́ ahunẹní ló rí. Ó di Abibat, ìyá Tápà aládùúgbò rẹ̀, lápá mú wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wò wọ́n. Etí wọn ti di. Bàbá Bàdírù ọkọ wọn ń pè wọ́n láti àárọ̀, wọn ò dáhùn. Bàbá ò ríran, àwọn nìkan ló sì ń fà á lọ́wọ́ kiri."

Ernest mọ̀ pé kuníìnì tó bá pọ̀ jù lára a máa di etí. Ìjẹta ló fún ìyá náà ní kuníìnì nítorí ibà: hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Kíákíá ló sọ ọ́, ìyá ń mi orí bí ẹni tó yé, Ernest sì pe ẹni tó kàn.

"Ṣebí mo ṣàlàyé fún wọn? Àwọn Tápà yìí, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń lo oògùn."

Ìbíkẹ́ dá a lóhùn: "Ẹ ní mẹ́ta lójúmọ́, mẹ́ta náà ni wọ́n lò. Àmọ́ inú ààwẹ̀ la wà. Tí wọ́n bá ṣínu nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì pọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ta ló bi wọ́n? Ìwé lẹ ń kọ, ẹ ò wo ojú wọn. Wọ́n ní àwọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu oníṣègùn. Wọ́n sì rò pé bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ń gbààwẹ̀, ẹ ó lé àwọn jáde nílé oníṣọ́ọ̀ṣì."

Ojú ti Ernest. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tirẹ̀ ló di ìyá oníyàá létí yìí.

"Màá pe Ààfáà Làmídì wá bá wọn," ni Ìbíkẹ́ wí. "Aláìsàn lè jẹun, kó san ààwẹ̀ náà padà tára bá yá."

Ernest jókòó ti Abibat. Ó fọwọ́ júwe fún un pé kò gbọdọ̀ lo oògùn náà lónìí, kó padà wá lọ́la. Lẹ́yìn náà ó ní kí òun náà júwe rẹ̀ padà. Abibat fọwọ́ bo ẹnu, ó nàka sí ìlà-oòrùn níbi tí ilẹ̀ ọ̀la yóò ti mọ́, ó nàka sílẹ̀ ibi tó jókòó sí.

Ìgbà náà ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ròkè bíi ti ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀. "Ṣé etí mi á là? Bàdírù ń pè mí."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi Ernest nìyẹn. Ernest di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kẹfà, Abibat dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Etí ọ̀tún ló fi gbọ́ ọ. Ti òsì kò là mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ gbójú kúrò lórí ìwé. Ẹ bi aláìsàn bó ṣe ń jẹun àti ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn. Mímì tó ń mi orí kò fi hàn pé ó yé e. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ má fi ààwẹ̀ yín pamọ́ fún ẹni tó ń fún yín lóògùn. Ẹ bèèrè nígbà tí ẹ ṣì lè gbọ́ ìdáhùn.