Bọ́ọ̀lù Tí Kò Yà

Joendry ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù lù nínú eré beesibọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Bọ́ọ̀lù náà bà á ní ìhà, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fò dìde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ.

Anyelo, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, rí i láti ìpẹ̀kun pápá, lẹ́yìn wáyà, níbi tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó máa ń wọlé gbẹ̀yìn ń jókòó sí. Panápaná ni wọ́n ń pè wọ́n ní Boca Chica, ìlú wọn tó wà létí òkun. Bí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ń jù bá ti rẹ̀, tí àwọn alátakò sì fẹ́ dáná sun ilé, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Anyelo, ọwọ́ rẹ̀ sì le débi pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wá ṣa àwọn ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù ti ń béèrè orúkọ rẹ̀. Ní ìparí oṣù náà ni wọn yóò mú àwọn tí yóò bá wọn lọ, ẹnu Ọ̀gá Quirico tó ń kọ́ wọn ni wọn yóò sì gbọ́ ẹni tó yẹ.

Nígbà tó yí kan ẹgbẹ́ wọn láti ju bọ́ọ̀lù, tẹlifóònù ara ògiri dún. Panápaná àgbà kan gbé e, ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Anyelo, ìwọ ni. Ọ̀gá ní kó o wá gba bọ́ọ̀lù."

Anyelo mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Òfin kan wà nínú eré beesibọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tó bá lu tiwa, a ó lu tirẹ̀. Òfin òpònú ni, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń pa á mọ́.

Quirico ti dúró dè é lórí òkìtì àárín pápá, níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ó tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"O rí ohun tí wọ́n ṣe fún Joendry?"

"Mo rí i, Ọ̀gá."

"Ẹni tó ń bọ̀ yìí, lù ú ní ìdí. Kó dùn ún mọ́jú ọ̀la."

Anyelo wo alátakò tó ń gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù bọ̀. "Ọ̀gá, Rudelvy ni o. Àdúgbò kan náà la ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ ló ń fún mi lóúnjẹ."

"Kó tún fún ẹ lóúnjẹ lálẹ́ yìí, ṣé mo dí i lọ́wọ́ ni? Aṣọ tó wọ̀ ni mo rí, mi ò rí ìyá ẹnì kankan. Àbí kí n pe ẹlòmíì? Ẹlòmíì ò wọ́n."

Joendry ti jókòó, ó fi omi dídì lé ìhà. "Anyelo! Ṣé o fẹ́ lọ dì mọ́ ọn ni? Ojo!"

"Ẹ bá a wá yẹ̀rì!" ni ẹlòmíràn wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò sí ohun tó ń tètè ba ọmọkùnrin jẹ́ tó ẹ̀rín ẹgbẹ́ rẹ̀. Anyelo kò sọ pé òun yóò ṣe é, kò sì sọ pé òun kò ní ṣe é. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ yẹn tó Quirico, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ jókòó.

Rudelvy fi igi kan ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Panápaná, ẹ káàbọ̀ o! Inú òkun ni mo máa gbá tìẹ sí lónìí!"

Anyelo fojú sun ìdí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì jù ú pẹ̀lú agbára. Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe é nígbà tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìka rẹ̀ tú, bọ́ọ̀lù náà sì gba òkè lọ.

"Yẹra!" ni gbogbo pápá kígbe.

Rudelvy kò yẹra. Ó dúró gbọin, ó ń wo bọ́ọ̀lù náà bí ó ti ń bọ̀, títí ó fi bà á lábẹ́ ojú òsì. Àwọn tó jókòó lọ́nà jíjìn gbọ́ bí egungun ṣe kán.

Ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Kí Anyelo tó sáré débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo iyanrìn. Quirico fà á sẹ́yìn ní aṣọ, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni. Ṣé o gbọ́ mi? Má sọ nǹkan mìíràn."

Lọ́jọ́ kejì, Anyelo lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ti yọ ojú náà. Màmá Minerva, ìyá Rudelvy, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sunkún.

"Anyelo, ọmọ mi, wọ́n ní ṣe ni wọ́n rán ẹ. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Màmá."

Ohùn Rudelvy wá láti orí ibùsùn. "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ṣé Anyelo lè mọ̀ọ́mọ̀ lù mí ni? Èmi ni mi ò yẹra. Mo rò pé ó máa yà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Anyelo lára ṣinṣin. Láti kékeré, nígbà tí wọ́n ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá ìdérí ike omi ní òpópónà, ó ní irú ìjù kan. Yóò dojú kọ ènìyàn gan-an, yóò wá yà lójijì, yóò sì gba iwájú àyà onítọ̀hún kọjá láìbà á. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń sá fún un, àfi Rudelvy. Ó mọ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi ojú ara rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Omi bọ́ lójú Anyelo, ó kúnlẹ̀. "Kò lè yà. Mi ò jù ú kó yà. Mo fẹ́ lù ẹ́ ní ìdí ni. Ọ̀gá ló rán mi."

Rudelvy gbé orí sókè. "O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá sọ fún un?"

Anyelo tẹ orí mọ́ ilẹ̀.

"Máa lọ sílé," ni Rudelvy wí, ó sì kọjú sí ògiri. Màmá Minerva dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún un láti kékeré kò sọ fún un pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré béèrè ọ̀rọ̀, Quirico ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Joendry ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà mú Anyelo lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàìsàn. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé igi dúró níwájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ, yóò jìnnà sí onítọ̀hún bí ẹni ń sá fún àrùn. Ta ni yóò gba panápaná tó ń bẹ̀rù iná síṣẹ́? Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sílé. Àpò ṣúgà ló ń rù ní èbúté báyìí. Òun àti Rudelvy máa ń pàdé lọ́nà láàárọ̀. Bí ó bá kí i, Rudelvy á dá a lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," bí ẹni ń kí àlejò, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá tàbí ẹgbẹ́ rẹ yóò fi nǹkan burúkú sí ọ lọ́wọ́, tí wọn yóò sì máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín kí o lè tètè ṣe é. Rántí pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹrú, ṣe ló yẹ kó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má dákẹ́. La ẹnu rẹ kí o sọ pé o kò ṣe, nítorí àwọn tó rán ọ kò ní bá ọ dé ilé ìwòsàn.