Ilẹ̀ Àánú Ẹ̀yìnkùlé

Oṣù Keje ni. Oòrùn ń yan gbogbo Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù, bí iṣu, ṣùgbọ́n yanrìn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé Olúbùsọ́lá tutù bí ẹja inú fíríìjì. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ. Ohun kan tó rọ̀ ti fara kan ìka rẹ̀.

Ọ̀ràn ọmọ ló sún un dé ibẹ̀. Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni ikọ́ fée ń fún lọ́rùn láti ìgbà Kérésì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ni Wòlíì Jésùfẹ́mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Rippleside, bá ríran pé kí ìyá ọmọ tẹ́ ilẹ̀ àánú sílé, kó máa yí lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Yanrìn aginjù ni kó lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Oyèyẹmí àbúrò rẹ̀, tó ń bá wọn ṣe ọ̀nà ọ̀dà ní aginjù Algeria, fi àpò yanrìn kan rán ẹnìkan sí i; oṣù mẹ́fà ló fi wà lọ́nà. Ó ní òtútù tí baba ẹnikẹ́ni kò rí rí mú lọ́hùn-ún ní oṣù Kìíní, yìnyín bo òkìtì yanrìn, ẹranko sì kú lọ súà.

Òkú wọn ló kún inú àpò. Alángbá, àkeekèé, eku ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó jẹrà, ṣùgbọ́n awọ wọn ń yọ̀ bí ilá àná. Olúbùsọ́lá ṣà wọ́n dà sínú bíìnì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti padà sínú yanrìn, gbogbo wọn kọjú sí ibi tó ti ki ọwọ́ bọ̀.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó wọ sùtánà, ó yí. Alángbá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, eku wọ abíyá rẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń tutọ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ ọmọ ń fúyẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, Dárasími sáré wọ ẹ̀yìnkùlé.

"Mummy, look! Mo sáré, and I'm not even coughing!" Ó fi ọwọ́ bo imú. "Eww, kí ló ń rùn lára yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá rẹ̀. Ó wọlé, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Oyè, níbo gan-an lo ti bu yanrìn yìí?"

Ohùn Oyèyẹmí wálẹ̀. "Àǹtí, gbogbo ilẹ̀ ló dì. Ibì kan ṣoṣo ni yanrìn ti rọ̀. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yúróòpù. Àwọn ẹran yẹn ti wọ inú aṣọ rẹ̀, wọ́n ń yáná lára rẹ̀."

"Yéè! Abẹ́ òkú lo ti bu yanrìn fún mi?"

"Kì í ṣe òkú, Àǹtí. Ó ń mí. Ó nawọ́ sí mi. Dẹ́rẹ́bà wa ń fọn fèrè, ó ní ẹrù kan ṣoṣo ni àyè gbà. Mo rántí Dárasími, mo gbé yanrìn."

Olúbùsọ́lá kórìíra àbúrò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì kórìíra ara rẹ̀ jù ú lọ. Ó wo ìta lójú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ń fo okùn, èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó nípọn bí ti àgbàlagbà.

Ọjọ́ kan ló kù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀ sórí yanrìn. Lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nínú yanrìn, ọkùnrin kan ń jà fún èémí. Olúbùsọ́lá tẹ ara mọ́ ọn, ó gbé orin sókè, kò sì dìde títí ẹni náà kò fi mí mọ́.