Bọ́tìnnì Tó Ń Sún sí Òsì

Ènìyàn márùn-ún ti kọ̀ fún ọmọbìnrin kan kó tó kan ọkùnrin kan. Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ni. Ọmọbìnrin náà kó bébà mẹ́jọ dání, ó ti fi bírò ya ojú fóònù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó wá ń bẹ ẹni gbogbo kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló fẹ́ jókòó láàárọ̀ Ọjọ́rú kó máa tẹ bébà lójú gbogbo ayé?

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Iṣẹ́ ilé-ìwé mi ni."

Aṣọ àwọn dírẹ́bà ọsibítù ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń jò nídìí ìgbànú rẹ̀. Ó wo bébà, ó wo ọmọbìnrin náà. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?"

"Rárá o. Ẹ ṣe bí ẹni pé fóònù ni. Ẹ̀yin ẹ máa tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa jẹ́ fóònù náà."

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ fóònù." Ó fa àga, ó jókòó. "Ó dáa. Ṣé wọ́n ti ṣáàjì yín?"

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà débi pé bébà méjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni dírẹ́bà ti ń pè é ní Ayàwòrán.

Ohun tí Ayàwòrán ń kọ́ ni bí a ṣe ń ṣètò ohun tí ènìyàn ń rí tó sì ń tẹ̀ lójú fóònù, kí ẹni tó ń lò ó má bàa ṣìnà nínú rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ tó máa fi jáde ni áàpù tí aláìsàn máa fi gba àkókò lọ́dọ̀ dókítà. Òfin méjì ni olùkọ́ wọn fi lélẹ̀, obìnrin náà kì í sì í fi òfin rẹ̀ ṣeré. Èkíní ni pé bí ènìyàn bá ń dán iṣẹ́ yín wò, ẹ kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ la ojú. Èkejì ni pé ẹni tó ń lò ó kì í jẹ̀bi. Bó bá ṣì í tẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣì í yà.

Dírẹ́bà tẹ orúkọ dókítà, Ayàwòrán yọ bébà kìíní, ó fi ìkejì síbẹ̀. Ó tẹ ọjọ́, ó fi ìkẹta síbẹ̀. Ó wá kan bọ́tìnnì tó ní "Ó parí", nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ há sí. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Fóònù yìí ti kú," ni ó wí. "Kò síbi tí mo tún lè tẹ̀."

Ẹnu ń yún Ayàwòrán, ṣùgbọ́n ó rántí òfin, ó gbé e mì. Nígbà tí dírẹ́bà lọ tán, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bọ́tìnnì kò hàn dáadáa, kí òun sún un sí òsì díẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà ti gbé bọ́ọ̀sì tó fi ń kó àwọn aláìsàn sábẹ́ ibòòji, ó ń dúró dè é. Ọjọ́rú kẹta, ó ra omi tútù méjì sílẹ̀. Gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ bá kàn ni Ayàwòrán ń fi bírò pupa sàmì sí. Bọ́tìnnì ń sún, dírẹ́bà sì túbọ̀ ń tètè rí i. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú keje, ó ti dé ẹ̀bá òsì pátápátá, dírẹ́bà sì tẹ̀ ẹ́ láìdúró rárá. Inú Ayàwòrán dùn, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ojú tì í, ó tún wá dì mọ́ ọn náà.

"Mo fẹ́ràn ẹ," ni dírẹ́bà wí, bí ẹni ń sọ pé epo ọkọ̀ ti tán. "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà sọ ọ́."

"Èmi náà fẹ́ràn ẹ. O sì ti pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lára ọkùnrin yìí ni pé kì í fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo òun. Bó bá fẹ́ wò ó, gbogbo ojú àti ọrùn ló máa ń yí sí i. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ délé, ìyá Ayàwòrán kọ́kọ́ káwọ́ lérí. "A ní kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, dírẹ́bà ló lọ kó wálé!" Ṣùgbọ́n dírẹ́bà wá kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu ìyá sì rọ̀. Ìyá dírẹ́bà ní tirẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Opó ni, aránṣọ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyí, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì láìníyàwó. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ìparí ọdún.

Olùkọ́ ló da omi tútù sí i.

"Ènìyàn mélòó lo fi dán an wò?"

"Ẹnìkan ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀meje ni."

"Ẹnìkan lẹ́ẹ̀meje, ẹnìkan náà ni. Lọ wá mẹ́fà mìíràn."

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bínú sí bọ́tìnnì náà. Ọ̀kan ní àtàǹpàkò òun kò dé ibẹ̀. Ọ̀kan bi í pé ṣé ọlọ́wọ́ òsì ló yà á ni. Nígbà tí Ayàwòrán fi bébà àkọ́kọ́ hàn wọ́n, èyí tó ní bọ́tìnnì lápá ọ̀tún, kò sí ẹni tí kò rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí rẹ̀ dàrú. Ó tẹ́ gbogbo bébà ọ̀sẹ̀ méje sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì, ó ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Olùkọ́ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àmì pupa ibi tí dírẹ́bà tẹ̀ pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n apá òsì nìkan ni gbogbo wọn wà. Kò sí ẹyọ kan tó kọjá àárín bébà. Apá ọ̀tún gbogbo wọn mọ́ kedere.

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ni iṣẹ́ ẹni yìí?"

"Dírẹ́bà ni, mà."

Obìnrin náà fi ìka tọ apá ọ̀tún tó mọ́ náà. "Mo kọ́ yín pé ẹni tó ń lò ó kì í jẹ̀bi," ló wí níkẹyìn. "N kò sọ fún yín pé kò lè máa ṣàìsàn. Bọ́tìnnì rẹ kò ní nǹkan kan. Ojú ọkùnrin náà ni kó o lọ bojú tó."

Ayàwòrán rọra kó àwọn bébà náà jọ. Oṣù méjì ló fi ń tún bébà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí dírẹ́bà jẹ́ kí òun bá a lọ gbé aláìsàn délé. Ó jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀ níwájú. Ìyá àgbà kan tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé oríta, ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ yọ láti apá ọ̀tún. Ayàwòrán rò pé dírẹ́bà máa rọra. Kò rọra.

"Dúró!"

Táyà ké, ìyá àgbà ké. Ìwọ̀n ọwọ́ kan ló kù kí wọ́n gbá kẹ̀kẹ́ náà.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ pariwo.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá àgbà délé tán, Ayàwòrán sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bébà, àmì pupa, àwọn ènìyàn mẹ́fà.

"Ó rẹ̀ mí lónìí ni."

"Olólùfẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀meje kọ́ ló rẹ̀ ọ́."

Dírẹ́bà di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní lọ́dún tó kọjá orí fọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Láti ìgbà náà ni èjìká ọ̀tún òun ti ń gbá ilẹ̀kùn. Òun rò pé àìfarabalẹ̀ ni.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún wọn," ni Ayàwòrán bẹ̀ ẹ́.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, n kò gbá ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún jẹ́?"

"Ọkọ mi."

"Ọkọ tí kò níṣẹ́! Ìyá ẹ á wá gbà? Jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó tán ná."

"Bí ọlọ́kẹ̀kẹ́ mìíràn bá yọ kó tó di ìgbà yẹn ńkọ́?" Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fún ẹ di Mọ́ńdè. Bí o kò bá sọ, èmi máa sọ."

"Bó o bá sọ ọ́, má wá mi mọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn, Ayàwòrán rí bọ́ọ̀sì náà tó ń jáde ní géètì, dírẹ́bà ló wà nídìí rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá àwọn dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ korò fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ìyókù fún un. Dókítà ní ẹyinjú kò ní àbùkù, ọpọlọ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan kan lásìkò orí fífọ́ yẹn, ó sì ti gba apá ọ̀tún ìríran rẹ̀ lọ. Kò ní padà mọ́. Oògùn ni yóò máa lò títí ayé, nítorí bí iṣan mìíràn bá tún dí, ó lè mú ẹ̀mí lọ.

Ìyá dírẹ́bà kò gbà. Ó wá ká Ayàwòrán mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

"Ọmọ mi tó ń bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láràárọ̀! Ojú rẹ̀ wo ni kò ríran? Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ṣé o kò lẹ́nu tó o fi máa sọ bẹ́ẹ̀ ni? O fi bébà lásán gba oúnjẹ lẹ́nu wa! Má tẹsẹ̀ sílé mi mọ́ láéláé."

Ìyá Ayàwòrán ní, "Ọlọ́run ló yọ ẹ́." Èyí dùn ún ju èébú lọ.

Ó dá bọ́tìnnì padà sí apá ọ̀tún, ó yege, olùkọ́ yìn ín níwájú gbogbo kíláàsì. Ó pe dírẹ́bà títí, kò gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wá àkókò tí ìyá aránṣọ máa ń lọ fi aṣọ lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́, ó kan ilẹ̀kùn.

Dírẹ́bà ti rù. Ó padà lọ jókòó sídìí tábìlì, Ayàwòrán jókòó dojú kọ ọ́.

"Wọ́n ní o yege. O kú oríire."

"Oríire kọ́ ni mo wá gbà. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Torí pé o sọ ọ́?"

"Rárá. Bó bá di ọ̀la, mo tún máa sọ ọ́. Torí pé oṣù méjì ni mo fi ń wò ẹ́ tí n kò rí ẹ. Inú mi ń dùn sí bọ́tìnnì."

Dírẹ́bà mi orí. "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe iṣẹ́ mọ́. Bó o ṣe ń wò mí yìí, n kò mọ̀ bóyá o fẹ́ràn mi ni, àbí o ń ka ohun tí n kò rí."

"Méjèèjì ni," ni Ayàwòrán wí. "Mo fẹ́ràn ẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí ẹ. N kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, n kò sì ní parọ́ fún ẹ."

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó wà lápá ọ̀tún dírẹ́bà, ṣí wẹ́lẹ́. Ìyá aránṣọ ló wọlé, láìwọ bàtà, aṣọ tí kò bá ẹni tó ni ín nílé wà lápá rẹ̀. Ìbínú kún ojú rẹ̀. Ayàwòrán fẹ́ dìde kí i, ìyá gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́.

"Màámi ní kò sóhun tó ṣe mí," ni dírẹ́bà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èmi náà ń bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí oorun sùn."

Ìyá dúró gbagidi. Ó sún mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kó fara kàn án. Ó juwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ rẹ̀. Dírẹ́bà kò mira. Ó tún jù ú, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá fi ọwọ́ náà bo ẹnu ara rẹ̀, omijé ń ṣàn gba orí ọwọ́ náà.

"Kí lò ń wò?" ni dírẹ́bà bi Ayàwòrán.

Ìyá mi orí sí i pé kó má sọ. Ṣùgbọ́n Ayàwòrán ti pa ẹnu dé tó.

"Màmá ẹ ni. Wọ́n dúró lọ́tùn-ún ẹ."

Dírẹ́bà yí gbogbo ọrùn. "Màámi? Ìgbà wo lẹ dé?"

"Ó ti ṣe díẹ̀." Ìyá di èjìká rẹ̀ mú. "Mo juwọ́ sí ẹ, ọmọ mi. Mo juwọ́ sí ẹ."

Ìyá gbé aṣọ sílẹ̀, ó lọ fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó mú páálí oògùn kan jáde lábẹ́ àwọn òwú. Wọn kò tíì já a rárá.

"Èmi ni mo ní kó má lò ó," ni ó wí. Ó na páálí náà sí Ayàwòrán. "Ìyàwó mi, bá mi kà á. Ẹ̀ẹ̀melòó ni lójúmọ́?"

Ayàwòrán nu ojú rẹ̀ kó tó lè rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà. Láràárọ̀."

Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló dìde lọ bu omi.